Ọkọ̀ Tó Ń Kérora Lójú Ọ̀dà

Kọ́nà kejì ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà, nígbà tí màámi gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n ní kí n dúró. Mo dúró. Wọ́n ní, "Kí ló ń kérora lábẹ́ ọkọ̀ yìí?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n sún síwájú díẹ̀, kí n tún yí sítíárìn. Mo yí i, ọkọ̀ sì kérora lóòótọ́, ohùn kan tó wúwo, tó gùn, tó ń wá láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Bí mo ṣe dá sítíárìn padà, ohùn náà dákẹ́. Màámi ní, "Dá mi padà sílé."

Inú bí mi. Kì í pẹ́ kí inú tó bí mi, gbogbo ọmọ tí mo kọ́ ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì ló lè jẹ́rìí sí i. Mo ní, "Màámi, irin kì í ṣàìsàn. Irin tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀." Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé, wọ́n sì kọjú sí ojú ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ mìíràn. Kì í ṣe ohun tó rọrùn láti ṣẹ́rí ọkọ̀ padà níbẹ̀, nítorí ọ̀nà náà há. Mo lọ síwájú, mo lọ sẹ́yìn, mo tún lọ síwájú, gbogbo ìgbà tí mo bá sì yí sítíárìn ni ọkọ̀ ń kérora. Màámi ń kà á: "Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Òun náà nìyẹn."

Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan láti ọjà Ìkàrẹ́, àwọn àti iṣu wọn. Ọkọ̀ náà ń kérora, awakọ̀ sì ní kò sí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kan náà tí èmi sọ. Ní agbedeméjì òkè Ọ̀kà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kan yọ. Ẹsẹ̀ náà dá sọ̀ kalẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, iṣu sì ń yí tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọ̀pọ̀ iṣu ni wọn ò rí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni màámi ti búra pé àwọn kò tún ní jókòó sínú ọkọ̀ tó bá ń kérora, bí ọba ìlú ló tilẹ̀ ń wà á.

Ìbúra yẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí, àfi lọ́dún yìí. Ẹ̀gbọ́n màámi kan ṣoṣo tó kù láyé ń gbé ní Àjọwá, níbi tí wọ́n fẹ́ ẹ sí. Àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àgbà ti dé sí ẹ̀gbọ́n náà, kò lè dá gbé mọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ti sọ pé òun ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Ìbàdàn, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ Ajé kan tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá. Kò sí ẹni tó la ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé bí màámi kò bá rí i kí ọjọ́ Ajé náà tó pé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fojú kan ara wọn mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀ ni a fi ìrìn àjò màámi sí.

Ọkọ̀ mi yìí nìkan ló sì lè gbé màámi débẹ̀. Orúnkún wọn ọ̀tún kì í tẹ̀ mọ́. Wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré, wọn kò lè gun bọ́ọ̀sì, kí a má tilẹ̀ dárúkọ ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ara òkè ni wọ́n kọ́ ilé wọn ní Ọ̀kà sí, fàráńdà rẹ̀ ga ju ojú ọ̀nà lọ. Tí mo bá rọra fi ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù mi ti fàráńdà náà, tí mo ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ inú ọkọ̀ àti ilẹ̀ fàráńdà á ṣe déédéé. Màámi á kàn rìn wọlé bí ẹni tó ń ti pálọ̀ bọ́ sí yàrá.

Nítorí náà, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Ìkàrẹ́. Ọmọ iléèwé mi ni. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí ní kíláàsì mi, ó sì fìdí rẹmi nínú físíìsì. Nísinsìnyí èmi ni mo ń tọ̀ ọ́ lọ, tí mo ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ọ̀nà tó fi ń wá ariwo ọkọ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ó ní ẹni tó ń wakọ̀ kì í gbọ́ ohùn ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń hanrun kì í gbọ́ ti ara rẹ̀. Ó kó ènìyàn sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù: òun fúnra rẹ̀, fọganáísà tó ń lẹ táyà ní ìtòsí rẹ̀, ọlọ́kadà kan tó wá tún bíréèkì ṣe, àti ọkùnrin tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní òdìkejì títì. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dojú bolẹ̀ sí igun kan, kí ó fi etí lé irin. Ó wá ní, "Ẹ máa wà á lọ, sà. Tí ẹ bá dé ibi tó gbòòrò, ẹ máa yí po."

Mo wà wọ́n yí ká Ìkàrẹ́ ní ọ̀sán gangan. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, wọn kò mira, wọn kò sọ̀rọ̀. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ká ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Jésù ṣàánú! Níbo ló ti ṣẹlẹ̀?" Mo ní, "Ìyá, ara wọn le, ariwo ni wọ́n ń gbọ́." Fọganáísà wá gbé orí sókè láti kí i kú ọjà. Ìyá náà sá fi igbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí a padà dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan búra pé igun tòun ni ariwo wà. Fọganáísà ní, "Ẹ̀yìn lọ́tùn-ún ni, sà. Ó ń lọ̀ nǹkan bí ọlọ ata." Ọlọ́kadà, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ní, "Oga, na front e dey. E dey cry well well." Ọkùnrin páàtì wá láti ọ̀kan nínú àwọn ìlú Àkókó tí èdè wọn yàtọ̀ sí Yorùbá. Ó ní ariwo náà ní orúkọ ní èdè àwọn, ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un títí, kò rí. Ló bá fi ọ̀fun rẹ̀ ké e. Ó jọ ọ́ débi pé mo bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀. Mẹkáníìkì náà fi ọwọ́ gún igun tirẹ̀, ó ní òun ti wà nínú iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ọlọ́kadà. Ìjà fẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń kérora lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ká bi léèrè. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì fi ọwọ́ sí igun tó wù ú. Ó pààrọ̀ bíárìn ẹsẹ̀ iwájú, ariwo kò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tú pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó pààrọ̀ oríkèé rẹ̀, ariwo kò lọ. Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, mo ń wakọ̀ lọ sí Ọ̀kà pẹ̀lú ìrètí. Màámi á jáde sí fàráńdà, wọ́n á ní kí n sọ̀ kalẹ̀ dé kọ́nà kejì kí n sì padà wá, àwọn á máa gbọ́ ọ láti òkè. Tí mo bá padà dé, wọ́n á ti máa mi orí. "Ó ṣì wà ńbẹ̀. Ó tilẹ̀ sanra sí i."

Ohun kan tún wà tó rú mi lójú. Mo ní oko iṣu ní Ṣúpárè, ọ̀nà ibẹ̀ sì kún fún ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Ìdí tí mo fi ra irú ọkọ̀ yìí nìyẹn. Àwọn píkọ́ọ̀pù mìíràn ní ọ̀pá kan tí awakọ̀ ń fà tó bá wọ ẹrẹ̀, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jọ máa fà. Tèmi kò ní ọ̀pá. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló so mọ́ra lábẹ́, tó ń jọ fà nígbà gbogbo, lójú ọ̀dà àti nínú ẹrẹ̀. Ní ọ̀nà oko, ọkọ̀ yìí dákẹ́ jẹ́ẹ́, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò fọhùn. Bí a bá ti padà dé ojú ọ̀dà, tí a rìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún mẹkáníìkì. Ó ní, "Ariwo wà ńbẹ̀, sà, ẹrẹ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀." Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí: mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi náà, mo lọ bẹ màámi. Mo ní mo ti rí onítakisí kan tó lè yọ ìjókòó iwájú kúrò, kí a fi mátírẹ́ẹ̀sì sí i, kí wọ́n sùn lé e. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí ẹ gbé mi lọ sí Àjọwá bí àpò gàrí? Kí ẹ̀gbọ́n mi wá rò pé mo ti kú?" Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ ọkọ̀ mi! Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń ná ara mi sí i!" Ohùn mi ti ròkè, mo mọ̀ ọ́n. Màámi kò bínú. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún wọn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí o ti yí bàtà fún ọkọ̀ yìí ni ó ti ga."

"Ó ga báwo?"

"Tẹ́lẹ̀, mo ń rìn wọlé ni. Lọ́jọ́ tó kérora yẹn, mo gun ún. Orúnkún mi ló sọ fún mi. Mo sọ fún ọ náà, o ní kí n ṣe kíá kí òjò tó dé."

Lóòótọ́ ni. Mo rántí pé wọ́n sọ nǹkan kan bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́jọ́ náà, n kò sì tẹ́tí sí i. Àwọn táyà iwájú ni wọ́n ń pè ní bàtà. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni mo pààrọ̀ wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, méjì méjì là ń ra táyà. Ta ló ń ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan? Méjì tó dára á lọ síwájú, méjì tó ti gbó díẹ̀ á máa bá a lọ lẹ́yìn títí ọwọ́ á tún fi tẹ òmíràn. Tòkúnbọ̀ ni méjì tí mo rà. Fọganáísà ní wọ́n fi díẹ̀ ga ju ti ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n kò séwu, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe, ọkọ̀ wọn sì ń lọ.

Mo dìde lójijì. Mo ní, "Màámi, téèpù yín dà?" Aránṣọ ni wọ́n kí ojú tó máa ṣe bàìbàì. Mo gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú níwájú ilé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà iwájú níbi tó ti kan ilẹ̀, mo fa òmíràn sílẹ̀, mo sì rọra sún ọkọ̀ títí ìlà ara táyà fi yí po tó tún kan ilẹ̀. Mo rá pálá lórí eékún nínú ṣòkòtò tí mo fi ń lọ ìpàdé, mo wọn ilẹ̀ láti ìlà kìíní dé ibẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ẹ̀yìn. Màámi ń darí mi láti orí fàráńdà: "Má fà á jù. Aṣọ kọ́ ni, kò ní fẹ̀ sí i."

Ìyípo kan táyà iwájú fi ìbú ìka mẹ́rin gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí irin so mọ́ ara wọn, tí ti iwájú ń gbé ìṣísẹ̀ gígùn, tí ti ẹ̀yìn ń gbé kúkúrú. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, á foríjì í. Ojú ọ̀dà kì í foríjì, gbogbo ìnira náà ló ń padà sínú àwọn irin abẹ́ ọkọ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti gbóná, tí mo sì ń yí kọ́nà.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màámi bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì. N kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi dá mi dúró. "Mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá jọ ru igi kan láti oko, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ gùn. Tí a bá ti dé kọ́nà, ọrùn mi ló ń jìyà rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tẹ mẹkáníìkì láago, mo sọ fún un. Ó wá ní, "Sà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi ẹgba kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wọn àyíká nǹkan roboto?" Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, mo ti wà lọ́dọ̀ fọganáísà. Ó ní òun ní méjì tó dára. Mo pariwo mọ́ ọn, "Mẹ́rin! Mẹ́rin tí ìyá kan náà bí!" Ó wá a dé Àkùngbá kí ó tó rí mẹ́rin tí wọ́n jọ tú lára ọkọ̀ kan. Mẹkáníìkì tú ọ́ìlì inú àpótí irin tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ó ti dúdú, ó ń rùn bí ọbẹ̀ tó jóná. Ó fi ọwọ́ yẹ inú rẹ̀ wò, ó ní a dúpẹ́, kò tíì bàjẹ́. Ó da tuntun sí i. Ó de àwọn táyà náà mọ́ ọkọ̀, ó tún fi téèpù wọn ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rán aṣọ ìyàwó, ó ń wò mí láti igun ojú. Èmi náà ń wò ó. A bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba Ọ̀kà lọ. Ní kọ́nà kejì, mo lọ, mo bọ̀, mo lọ, mo bọ̀, ọlọ́kadà kan dúró ó bi mí bóyá mo ṣìnà. Ọkọ̀ kò fọhùn. Ayọ̀ tó kún inú mi pọ̀ débi pé mo ń kọrin pẹ̀lú wíńdò ní ṣíṣí. Màámi ti wà lórí fàráńdà. Wọ́n rán mi padà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dá wọn lójú. Wọ́n wá ní, "Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí lọ́la. Má pẹ́ o."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, màámi rìn wọlé, wọn kò gun. A kọjá Àkùngbá, a la Ìkàrẹ́ kọjá, gbogbo kọ́nà ni wọ́n ń tẹ́ etí sí. Nígbà tó yá wọ́n gbàgbé etí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n wọn fún mi, èyí tí mo ti gbọ́ rí àti èyí tí n kò gbọ́ rí. Inú mi dùn. Mo ń yin ara mi nínú ọkàn mi, títí a fi dúró níwájú ilé ẹ̀gbọ́n màámi ní Àjọwá, tí mo sì rí i pé ilé náà kò ní fàráńdà.

Ilẹ̀ tẹ́jú dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti wọn táyà, mo ti wọn ilẹ̀, n kò wọn bí màámi yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọ̀pá dání, ó ga, ó gbẹ. Ó ní, "Kí lo ń dúró dè?" Màámi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀." Àwọn ará ilé gbé àga jáde, ẹlòmíràn ní kí a gbé tábìlì wá. Ẹ̀gbọ́n màámi lé gbogbo wọn. "Ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni n ó wọ inú ọkọ̀ tọ̀ ọ́."

Ó yí ká wá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ní kí n dìde. Mo sọ̀ kalẹ̀, èmi àti ọmọ rẹ̀ ti Ìbàdàn, tó ti dé ṣáájú ọjọ́ Ajé, tì í lẹ́yìn, ó sì gun orí ìjókòó awakọ̀. Ó fa ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì gbé wíńdò sókè. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n wà nínú ọkọ̀ náà. Ojú wíńdò ni a ti gbé iyán sí wọn. Èmi àti ọmọ rẹ̀ dúró sábẹ́ igi máńgòrò, à ń wo orí méjì tó fara ti ara wọn, à ń rí i tí èjìká wọn ń mì fún ẹ̀rín. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó pẹ́ tí mo ti rí wọn báyìí." Omi ti kún ojú mi.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ẹ̀gbọ́n màámi sọ̀ kalẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò rẹ̀, ó na ọwọ́ wọlé láti ojú wíńdò. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Mo ṣíná ọkọ̀, ọwọ́ wọn kò tú. Mo dúró díẹ̀. Màámi kò wò mí, wọ́n ní, "Máa lọ, ṣùgbọ́n rọra." Mo fi í sí jíà kìíní, mo tú bíréèkì, ọkọ̀ ń sún, ẹ̀gbọ́n wọn sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kan lórí ọ̀pá, ọwọ́ kan nínú ọkọ̀. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ ni mo fi ń wà á. Nígbà tí a dé ìkóríta, ó ní òun á sìn wá dé ìdí igi tó wà níwájú. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ọkọ̀ kan tó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè, mo na ọwọ́ síta fún un pé kí ó kọjá. A dé ìdí igi náà, a sì kọjá rẹ̀, ọwọ́ wọn kò tíì tú.